Ìkarahun Tí Wọ́n Dà Nù



Ìkarahun tó wà lọ́rùn mi yìí, ti huître inú odò Pendjari ni. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mòòkùn wá a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹran rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ìkarahun tí wọ́n dà nù ni mo ń rà. Mo fi ayùn gé e, mo dá a lu, mo fi yanrìn àti omi ha á títí ó fi dán. Ẹ má ha á ní gbígbẹ o, ekuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ má sì wú ààyè nítorí ọ̀ṣọ́: àpáta ló lẹ̀ mọ́, kò lè sá, kíá ló ń tán.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fún wa ní ìsọ̀ kan lọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́, kí n kọ́ àwọn ọmọ wa.