Nọ́ńbà Ara Ọkọ̀ àti Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ páànù kékeré méjì tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ ni a gbé wá. Ó ti ń dá iyàn sílẹ̀ láàrin àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, ó sì kan gbogbo ẹ̀ka.

Ẹ mọ̀ wá. Àwọn kan nínú wa ní Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Àwọn mìíràn ní Peugeot 504, èyí tí ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí tò ní ọdún kan náà. Ìjàpá kì í mu omi, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ní ti 504, ọ̀nà burúkú kì í bà á lẹ́rù. Ìyàwó lè máa bínú nítorí owó páàtì, ọkọ̀ náà kò ní kúrò nílé.

Tí a bá tún un ṣe tán, tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ lórí fóònù. Ibẹ̀ ni iyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a máa fi ìwé bo nọ́ńbà kí wọ́n tó yà á. Àwọn kan a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín: kí ni ẹ ń bò? Ọkọ̀ tó ti Ọjọ́ta dé Ìdúmọ̀tà láàárọ̀, ojú mélòó ni kò tíì ka nọ́ńbà rẹ̀?

Òótọ́ wà nínú ẹ̀rín wọn. Torí kí a lè rí i ni wọ́n ṣe kan nọ́ńbà mọ́ ọkọ̀. Bí awakọ̀ kan bá gbá ọmọ wa tó sì sá lọ, nọ́ńbà ni a ó máa pariwo. Ẹni tó bá bò ó lójú títì ti rú òfin, a kò sì ní gbèjà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bò ó nínú fọ́tò náà kò ya òmùgọ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ kò sọ ju ìpínlẹ̀ lọ: LA fún Èkó, OY fún Ọ̀yọ́. Láti ọdún 2011, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ lára nọ́ńbà tuntun ń tọ́ka ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀: KJA fún Ìkẹjà, MUS fún Múṣín, BDG fún Àgbádárìgì. Bí 504 aláwọ̀ ewé bá sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní àdúgbò, olè kò ní béèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó burú jù ni pé ẹnìkan lè da nọ́ńbà náà kọ, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ mìíràn, kí ó fi ṣiṣẹ́ ibi. Ẹ̀rọ ayàwòrán ti ń ka nọ́ńbà ní Èkó báyìí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọn yóò wá bá.

Ìwé yẹn gan-an ló ń dùn wá. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀, kò fi ohun mìíràn hàn ju fọ́tò lọ. Àjèjì kan pè é, ó dárúkọ rẹ̀, ó dárúkọ òpópónà rẹ̀. Nígbà tó béèrè bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, onítọ̀hún ní òun ní ojúlùmọ̀ ní ọ́fíìsì kan. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, òfin ọdún 2023 sì wà lórí ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ nípa wa.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti rọrùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1980 lè lo páànù dúdú onílẹ́tà funfun, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ a sì máa fi yangàn. Síbẹ̀, ọ́fíìsì ọkọ̀ níbẹ̀, DVLA, ń fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ní orúkọ àti àdírẹ́sì ọlọ́kọ̀ ní £2.50. Àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ lẹ́tà tó ń tẹ̀lé e. Ó kéré tán, ẹni tó béèrè gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀.

Nílé níbí, àwọn ńlá ti rí ibi sá sí. Nọ́ńbà SPY, tó yẹ kó jẹ́ ti iṣẹ́ ọlọ́pàá, di ti àwọn alágbára, títí tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fi fòfin dè é ní ọdún 2022. Àwa kò bèèrè irú rẹ̀. Kí nọ́ńbà wa máa hàn lójú títì. Ẹni tó bá fẹ́ bò ó nínú fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà mọ́.

Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé yìí ń lọ sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí òṣìṣẹ́ tó bá ṣí orúkọ ọlọ́kọ̀ wò máa kọ orúkọ tirẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ọlọ́kọ̀ sì lè bèèrè ẹni tó wò ó. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ wá fọwọ́ sí i. Bíró wà lórí tábìlì.