Bí A Ṣe Fi Gíà Ọ́tò Sínú Lándírófà Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdún ti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Àkúrẹ́

Akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìròyìn. Mo bẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń jẹ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ mìíràn simi lónìí. Ọ̀rọ̀ Lándírófà ọ̀kan nínú wa ni mo fẹ́ sọ, èyí tó wà níta lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, tí ẹ ti ń fọwọ́ pa lára láti àárọ̀. Ẹni tó ni ín ní kí n má dárúkọ òun. Kò burú. Gbogbo yín ṣáà mọ̀ ọ́n.

Series III ni mọ́tò náà, èyí tó gùn, tí wọ́n ń pè ní 109. Láti 1971 sí 1985 ni ilé-iṣẹ́ Land Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe irú rẹ̀. Bàbá ọ̀rẹ́ wa ló rà á kí wọ́n tó bí wa, nígbà tí wọ́n ń ra kòkó ní àwọn abà tó wà lọ́nà Ìdànrè fún àwọn aṣojú Ìgbìmọ̀ Kòkó. Nígbà tí ìjọba tú Ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986, Bàbá kò dúró, wọ́n ń ra kòkó wọn lọ. Mọ́tò yìí ló rán ọmọ mẹ́fà ní ilé ìwé, ọ̀kan nínú wọn sì bá wa jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Bàbá ti sùn báyìí. Oko àti mọ́tò ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ní ọdún kẹta sẹ́yìn, ọ̀kadà gbá ọ̀rẹ́ wa ní ìgboro Àkúrẹ́ níbí. Orúnkún òsì ló kàn. Wọ́n fi irin sí i, ó sì ń rìn, ẹ rí ọ̀pá tó mú dání, ṣùgbọ́n kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹni tó bá ti wa Lándírófà àtijọ́ rí yóò mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Bí mọ́tò ṣe di ohun tí a ń wò nìyẹn. Orí ọ̀kadà ni kòkó ń gbà jáde láti abà, àpò kan lẹ́ẹ̀kan, owó tí ọlọ́kadà sì ń gbà ń jẹ èrè oko tán. Àwọn tó ń ra pàǹtí irin wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fẹ́ gbé ohun ìní Bàbá lórí ìwọ̀n. Ìyàwó ní kó tà á. Àbúrò ní kó ra Corolla ọ́tò. Corolla wo ni yóò wọ ẹrẹ̀ ìdí kòkó ní oṣù kẹsàn-án?

Ìgbà yẹn ló wá bá mi pé ṣé a kò lè fi gíà ọ́tò sínú Lándírófà. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òdìkejì rẹ̀ ni a mọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ọ́tò, tí gíà rẹ̀ bá ti ń fà, ohun tí mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di mánúà, kí ọkàn yín lè balẹ̀.” A ti sọ gíà ọ́tò di ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí (ìwádìí ṣáà ni iṣẹ́ mi), mo rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe é tipẹ́. Gíábọ́ọ̀sì General Motors kan wà tí wọ́n ń pè ní 700R4, tó jáde ní 1982, tí wọ́n ń kó sínú jíìpù àtijọ́ lóríṣiríṣi. Gíà kìíní rẹ̀ lágbára gan-an, 3.06, gíà kẹrin rẹ̀ sì jẹ́ overdrive, 0.70.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé overdrive yìí, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé bọ́tìnì tó ń mú mọ́tò sáré ni. Ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní Físíìsì wà níjókòó, kí wọ́n gbá mi létí bí mo bá ṣìnà. Nínú Lándírófà mánúà, tí ẹ bá wà ní gíà kẹrin, bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá tó jáde lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì yí lẹ́ẹ̀kan. Ọgbọọgba ni. Nínú overdrive, ẹ́ńjìnnì kò tíì yí pé tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti yí pé. Ẹ jẹ́ ká fi sí ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50. Pẹ̀lú táyà 7.50-16 àti gíà àtijọ́, tí ẹ bá ń sá 80, ẹ́ńjìnnì ń yí tó nǹkan bíi 2,900 ní ìṣẹ́jú kan. Ariwo yẹn, ẹni méjì tó jókòó níwájú kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú gíà tí a fi sí i, ní 80 kan náà, ó wà ní nǹkan bíi 2,300. Ẹ́ńjìnnì ń simi, etí ń simi.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a jèrè nínú yíyí, agbára la fi san án. Ẹ́ńjìnnì tí Lándírófà náà bá wá, onílítà 2.25, agbára rẹ̀ kò ju ti nǹkan bí 70 ẹṣin lọ. Bí ẹ bá fi overdrive sí i, tó bá dé orí òkè kan, yóò já sí gíà kẹta, yóò tún padà sí kẹrin, yóò tún já, títí tí ọ́ìlì gíà yóò fi gbóná bí omi àmàlà. Wọ́n ń ta overdrive kan fún Lándírófà mánúà láyé àtijọ́, ti Fairey, èyí tó ń wọ ẹ̀yìn transfer. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kò kúrò nínú ọ̀ràn náà. Orúnkún ni a ń tọ́jú, a kò wá eré.

Ibi tí a parí sí ni Range Rover. Ọmọ ìyá Lándírófà ni, 1970 ló jáde. Ní 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ọ́tò, gíà mẹ́ta péré. Ní 1985 ni wọ́n fi ti ZF láti Jámánì rọ́pò rẹ̀, gíà mẹ́rin, 4HP22 lorúkọ rẹ̀, overdrive rẹ̀ sì jẹ́ 0.728. Ọ̀rẹ́ wa rí èyí tó ti fẹnu sọ igi ní Ládípọ̀, ní Muṣin. Ó ra ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 3.5, gíábọ́ọ̀sì àti transfer rẹ̀ pọ̀ láì tú wọn. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ dì mú: ẹ má ra gíábọ́ọ̀sì níbì kan kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì níbòmíràn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ni yóò máa sùn.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. V8 ni ọdún wo, lẹ́yìn tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023? Òótọ́ ni. Ó ń mu epo. Ká ní èmi ni, dísẹ́ẹ̀lì 300Tdi ni ǹ bá wá, nítorí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ ọ́tò ZF yìí nínú Discovery. A kò rí i ní odidi, èyí tí a rí ti tú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ń lọ oko lọ́sẹ̀, ó ti ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú owó ọ̀kadà, ó ní òun ṣì jèrè. Aluminiọ́mù ni wọ́n fi ṣe V8 náà, kò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Land Rover náà ti fi sínú 109 rí, láti 1979, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti ti iwájú mọ́tò jáde kí àyè lè gbà á. Àwa náà ti tiwa jáde. Ẹ wo imú rẹ̀ dáadáa tí ẹ bá débẹ̀.

Oǹdó ni a ti ṣe iṣẹ́ náà, lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan tó ti ń tú Range Rover àwọn olóyè láti kékeré. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀ o, ó ní iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti tó òun. Bíréèkì ló kọ́kọ́ ṣe, kó tó fọwọ́ kan gíà rárá. Ó ní òun kì í fún ẹni tí kò lè dúró ní ohun tí yóò fi sáré. Gíábọ́ọ̀sì ọ́tò àti transfer gùn ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà pùròpẹ́là ẹ̀yìn kúrú, ti iwájú gùn. Irin ìdábùú tó gbé gíà àtijọ́ kò gba tuntun. Wẹ́dà fẹ́ gé e dànù, mẹkáníìkì ní rárá, èyí tí a óò fi bóòtù dè ni kí wọ́n rọ. Gíà àtijọ́ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ilé, a ti fi gírísì kùn wọ́n. Ohun Bàbá ni.

Ibi tí a ti pẹ́ jù ni kébù kan tó kéré bí ìka ọmọdé. Ó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ iná. Òun ló ń sọ fún gíà bí ẹ ṣe tẹ iná tó, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò pààrọ̀ àti bí ọ́ìlì yóò ṣe fún àwọn àwo inú rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ó bá dẹ̀ jù, àwọn àwo náà ń yọ̀, wọ́n ń jó. Ọ̀pọ̀ gíà ọ́tò tí a ń sọ pé ó ti kú nílẹ̀ yìí, kébù yìí tàbí ọ́ìlì tí kò pé ló pa á. Ọ́ìlì ọ̀hún, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ràdíétọ̀ kékeré tirẹ̀ níwájú, pàápàá níbi tí oòrùn ti ń mú bí ti wa.

Rẹwáyà kan fẹ́ so sítátà tààrà. Ọ̀rẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mẹkáníìkì fi ìbínú lé e. Ọ́tò ní swíìṣì kan tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde àfi tí gíà bá wà ní P tàbí N. Ẹni tó bá yọ ọ́, ọjọ́ tí ọmọ kékeré bá yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí gíà wà ní D, mọ́tò yóò fò lọ bá ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: mọ́tò yìí kò ṣeé tì. Bátìrì bá kú ní abà, bí gbogbo abà bá jáde wá tì í, kò lè dìde, nítorí ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń yí ohun tó ń fa ọ́ìlì gíà. Ó ti ra bátìrì kejì.

Ní oṣù tó kọjá, a gbé e láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́. Òun ló wà á. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà ní pálọ̀. Lẹ́yìn Ọ̀wẹnà ló wọ gíà kẹrin, ohùn ẹ́ńjìnnì sì rọlẹ̀. A sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé, nínú Lándírófà! Níbi òkè, ó fa gíà padà sí 3 fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kó máa já sókè sódò.

Ó ku iṣẹ́ kan. Transfer Range Rover ń fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo, áàsì iwájú Series III kò sì gba ìyẹn: ìsopọ̀ rẹ̀ kì í yí dọ́gba tí ẹ bá kọ́ sítíárìn, mọ́tò yóò máa gbọ̀n. Nítorí náà, a yọ pùròpẹ́là iwájú, a ti àárín transfer pa, ẹ̀yìn nìkan ló ń fà. Ó tó fún títì. Kò tó fún ìdí kòkó. Àwọn kan ń ta irin tó ń jẹ́ kí a lè so iwájú nígbà tí a bá fẹ́, kí a sì tú u nígbà tí a kò fẹ́. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó ti rọrùn jù láti rí. Mo mọ̀ pé ó kéré tán ẹ̀yin mẹ́rin ló ti ibẹ̀ wá síbi ayẹyẹ yìí. LT230 ni orúkọ transfer náà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, pẹ̀lú fílítà àti gásíkẹ́ẹ̀tì gíà. Ẹni tó bá lè bá wa gbé e wá, kí ó buwọ́ lu ìwé náà kó tó lọ jẹun. Owó rẹ̀ wà nílẹ̀. Òjò kò ní pẹ́ dé.