Ìkarahun Tó Di Òkúta àti Àfòmọ́ Àtijọ́

(Àsọyé tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)



Nígbà tí a gbọ́ pé orí ìkarahun tó di òkúta ni a óò sọ̀rọ̀ lé ní ọdún yìí, àwọn kan láàárín wa béèrè pé, "Kí ni èyí kan ìlú wa? Ṣé òkúta ni a óò fi tún ọ̀nà ṣe, tàbí ìkarahun ni a óò fi san owó ilé-ìwé?" Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní sá fún un. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ẹni tí ó bá lè ka àpá ara òkúta yóò mọ ibi tí ẹ̀dá ti wá, yóò mọ ibi tí ọrọ̀ fara pamọ́ sí, yóò sì mọ ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun tiwa. Ẹni tí ó bá ń rìn létí òkun láti Àgbádárìgì lọ sí apá Sẹ̀mẹ̀ lè rí ohun funfun kan tí ìgbì gbé sílẹ̀, tí ó fúyẹ́ púpọ̀, tí ó sì gùn bí ewé. Egungun ẹja kọ́ ni. Ìkarahun inú ẹran omi kan tí àwọn apẹja wa mọ̀ dáadáa ni, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká, tí ó sì máa ń tu omi dúdú bí tàdáwà nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Bí a bá ṣẹ́ ìkarahun náà, a óò rí i pé ìyẹ̀wù wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àwọn ìyẹ̀wù wọ̀nyí ni ẹran náà fi ń léfòó.

Ìdílé ẹran yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà láyé àtijọ́ tí a ń pè ní ámónáìtì. Ìta ara ni ìkarahun tiwọn wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ká bí ìwo àgbò. Wọ́n ti ń gbé inú òkun láti nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wọ́n parun ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkúta ńlá kan já láti ojú ọ̀run lu ibi tí à ń pè ní Mẹ́síkò lónìí.

Báwo ni a ṣe mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ti parun? Bí ámónáìtì bá kú, a rì sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ a kún inú ìkarahun rẹ̀, nígbà tó bá sì pẹ́, ẹrẹ̀ náà a di òkúta. Ìkarahun fúnra rẹ̀ lè yọ́ dànù, ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ yóò kù sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀lẹ̀ tí a sè nínú agolo. Nígbà tí a bá yọ ọ̀lẹ̀ náà jáde, gbogbo àpá tó wà nínú agolo ni yóò hàn lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé agolo ọ̀lẹ̀ yìí, nítorí a óò tún padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹni tí a kò lè ṣe aláìdárúkọ nínú iṣẹ́ yìí ni Richard Reyment. Ní 1955, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba tó ń yẹ ilẹ̀ wò ní Nàìjíríà tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí àwọn ámónáìtì gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ní 1965, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé rẹ̀ mìíràn jáde lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé, ní nǹkan bí 90 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun gba ọ̀nà àfonífojì Bẹ́núé wọ àárín ilẹ̀ Áfíríkà, títí ó fi kọjá sí apá aṣálẹ̀ Sàhárà. Irú àwọn ámónáìtì tí a rí ní Nàìjíríà ni a tún rí ní Sergipe ní ilẹ̀ Bràsílì. Àwa ará etí òkun yìí mọ orúkọ Bràsílì nínú ìtàn ìbànújẹ́ òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n òkúta ń sọ fún wa pé ilẹ̀ kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì nígbà kan rí, kí òkun tó là wọ́n sọ́tọ̀.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Ámónáìtì kì í pẹ́ yí padà láti ìran dé ìran, tó bẹ́ẹ̀ tí ìpele òkúta kọ̀ọ̀kan ní irú tirẹ̀. Bí a bá rí fọ́tò Ẹgbẹ́ wa, aṣọ ẹgbẹ́ tí a wọ̀ ni a fi ń mọ ọdún tí a yà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ámónáìtì, àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n jọ gbé inú òkun, mọ ọjọ́ orí òkúta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé èyí kò kàn wá. Epo Ajé, tí ó wà lábẹ́ òkun níwájú Àgbádárìgì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní 2016, inú òkúta ìgbà ámónáìtì ni ó ti jáde wá.

Wàyí o, a dé orí àfòmọ́. Àwọn àgbà ní, "Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan." Kòkòrò àfòmọ́, ìyẹn èyí tí ń gbé inú ẹ̀dá mìíràn tí ó sì ń jẹ lára rẹ̀, ti wà láyé tipẹ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ̀, kì í sábà di òkúta. Báwo wá ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n? Àpá tó fi sílẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní 1960, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael House, kọ̀wé nípa ihò kéékèèké tó wà lára àwọn ìbátan ámónáìtì àtijọ́. Ní 2011, Kenneth De Baets àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún yẹ irú ihò bẹ́ẹ̀ wò, pẹ̀lú àwọn tó ti Mòrókò wá. Ẹ rántí agolo ọ̀lẹ̀. Bí kókó kan bá yọ nínú agolo, ihò ni yóò jẹ́ lára ọ̀lẹ̀. Kókó inú ìkarahun wọ̀nyí jọ péálì. Lónìí, bí àjèjì bá wọ inú ẹran oníkarahun, tí kò sì lè lé e jáde, a máa fi ohun tó fi ń kọ́ ìkarahun bò ó mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni péálì ṣe ń di péálì. Ohun tí àwọn onímọ̀ sì fura sí ni irú aràn pẹlẹbẹ kan tí ń gbé inú ẹran oníkarahun títí di òní. Wọ́n tún rí i pé bí ihò náà ṣe tò máa ń jọra láàárín àwọn tó jẹ́ ìbátan, ó sì ń yí padà bí ìdílé wọn ṣe ń yí padà. Bí onílé bá ti ń pààrọ̀ àgádágodo, bẹ́ẹ̀ ni olè ń wá kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Ìjàkadì yìí wà lára ohun tó ń yí àwọn méjèèjì padà láti ìran dé ìran.

Ìdílé aràn pẹlẹbẹ yìí kan náà ni aràn tí ń fa àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ní 1910, Marc Armand Ruffer fi hàn pé ẹyin aràn náà wà nínú kíndìnrín òkú ará Íjíbítì tí a ti tọ́jú láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Nítòsí wa pẹ̀lú, lẹ́yìn tí a ṣí ìsédò Ọyán lẹ́bàá Abẹ́òkúta ní 1983, àrùn yìí gbilẹ̀ ní àwọn abúlé ẹ̀bá omi náà. Kí ló fà á? Omi tí kò ṣàn ti di ibùgbé ìgbín kéékèèké. Títí di òní, aràn yìí kò lè ṣe kó má gba inú ẹran oníkarahun kọjá. Ẹyin rẹ̀ bá ìtọ̀ bọ́ sínú omi, ọmọ rẹ̀ wọ inú ìgbín, ó sì tún jáde láti wọ awọ ara ẹni tó bá wọnú omi.

Ẹ kò rí i bí, ẹ̀yin ará? Àìlera àfòmọ́ náà wà níbẹ̀. Kò lè dá dúró. Bí a bá já ọ̀nà tó wà láàárín ìtọ̀ àti ìgbín, okùn rẹ̀ já. Oògùn rẹ̀ wà, prazikuantẹ́ẹ̀lì ni à ń pè é, ṣùgbọ́n bí a bá lo oògùn tí ọmọ náà sì padà sínú omi kan náà, a kàn ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ Ẹgbẹ́ yìí. Èkíní, kí a kọ́ ilé ìgbẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé wa, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ láti má ṣe tọ̀ sínú odò. Èkejì, bí ẹ bá rí ìkarahun nínú ilẹ̀ níbi tí a ti ń gbẹ́ kànga, tàbí tí ìrìn àjò gbé yín dé ibi tí a ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì ṣe ṣa èyí tó gún régé nìkan. Èyí tó lábùkù gan-an ni ó lè ní ìtàn. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti bí ó ti jìn tó sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí yunifásítì. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá ń pín owó ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́, kí a má ṣe rò pé agbẹjọ́rò àti dókítà nìkan ni ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, kí ó lè máa ka ìwé tí òkun ti kọ sílẹ̀ fún wa.

Àpá kì í jinná kó má ní ojú. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí a óò fi rí i. Ìlú wa yóò máa gòkè àgbà.