Owó Oṣù àti Ìsinmi Àwọn Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Àkànṣe
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ilé-ìkàwé ní Òde-Ayé)

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan àwọn olùkọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú rí rí, nítorí pé ibi iṣẹ́ wọn jìnnà sí Òde-Ayé. Àwọn ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ adití ní Àkúrẹ́ àti àwọn ọmọ tí kò ríran ní Ọ̀wọ̀, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe ti Ìpínlẹ̀ Òndó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà. Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ ní kíláàsì lè kọ̀wé sí ojú pátákó, kí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo wọn sì gbọ́. Ti olùkọ́ adití kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ojú ni ọmọ fi ń gbọ́. Bí ọmọ bá yí ojú padà, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá lọ. Ẹni tí ó ń kọ́ afọ́jú ní láti mọ ìwé Braille, tí a ń fi ìka kà, tí a sì fi kókó mẹ́fà to lẹ́tà rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, iṣẹ́ kò tán, nítorí pé inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sùn. Bí inú bá ń run ọmọ adití ní òru, ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò yé bí kò ṣe ẹni tí ó mọ èdè ọwọ́? Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wí pé ọmọ mẹ́wàá péré ni wọ́n ń kọ́, kò tíì dúró ti iṣẹ́ náà wò.

Ẹ̀dùn yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1931, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ohun kan tí ó ń dun àwọn olùkọ́ ni pé ẹni tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kì í rí ohun tí ẹni tí ó wà ní ti ìjọba ń rí gbà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìjọ àti àwọn aláàánú ni ẹ̀kọ́ adití àti afọ́jú wà jù lọ. Ní 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìṣòro ti wọlé: iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àánú, àwọn ènìyàn a máa rò pé ọ̀rẹ àánú ni owó rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní 2008, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, a fi àjẹmọ́nú 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó oṣù olùkọ́. Ní 2022, òfin sọ pé kí olùkọ́ fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 65, tàbí lẹ́yìn ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù jẹ́ 60 àti 35. Ta wá ni olùkọ́? Bí a bá fi ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe sí abẹ́ iléeṣẹ́ ìgbáyégbádùn, tí orúkọ àwọn tí ń kọ́ni níbẹ̀ sì wà nínú ìwé òṣìṣẹ́ lásán, àjẹmọ́nú náà lè fò wọ́n, ọdún márùn-ún náà lè fò wọ́n. Àwọn méjì tí wọ́n jọ gba ìwé-ẹ̀rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ lè yapa báyìí: ọ̀kan ń sinmi nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, èkejì ń kọ̀wé tọrọ ìsinmi ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ èdè ọwọ́ yóò wá ààyè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ta púpurú láti fi ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ ni yóò wá jókòó láìsí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Òfin tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019 fún ọmọ tí ó ní àbùkù ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdírì. Ẹni tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó lọ bi ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkìtìpupa léèrè, kí ó sì bi wọ́n pẹ̀lú iye olùkọ́ tí ó mọ èdè ọwọ́ tí ó ṣẹ́kù ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò gbé ọmọ náà lọ.