Ehín Ríro Kì Í Ṣe Ohun Àfojúfò

Ní òru tí ehín bá ń ro ènìyàn, olówó kò yàtọ̀ sí tálákà. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ìyàtọ̀ ń bẹ̀rẹ̀: olówó mọ ọ̀nà ilé oníṣègùn ehín, ṣùgbọ́n tálákà kò mọ ibi tí yóò yà sí.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ kò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìgbà 2,000,000 ni àwọn ènìyàn ń sáré lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ nítorí ehín. Ètò Medicare tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ fún àwọn arúgbó ní 1965 kì í sábà san owó ìtọ́jú ehín. Ní ti ètò Medicaid tí ó wà fún àwọn tálákà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu bóyá òun yóò tọ́jú ehín àwọn àgbà tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ń fara dà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú.

Dókítà tí wọ́n ń bá ní ẹ̀ka pàjáwìrì kì í sábà jẹ́ oníṣègùn ehín. Yóò fún aláìsàn ní oògùn ìrora àti oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n ihò inú ehín kò kúrò níbẹ̀. Bí agbára oògùn bá tán, ìrora a padà, aláìsàn náà a sì tún padà.

Ní oṣù Fẹ́búárì 2007, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan kú ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ehín kan ni ó jẹrà lẹ́nu rẹ̀, tí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ sì ràn dé ọpọlọ. Nǹkan bí dọ́là 80 ni ìbá tó láti yọ ehín náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, owó ìtọ́jú rẹ̀ sì tó nǹkan bí dọ́là 250,000, síbẹ̀ ẹ̀mí bọ́. Ikú náà ka àwọn aṣòfin lára. Òfin tí a fọwọ́ sí ní 2009 sọ ọ́ di dandan pé kí ìtọ́jú ehín wà nínú ètò ìlera CHIP, tí ìjọba ń ṣe fún àwọn ọmọdé.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ará ilé àti ará oko? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ehín kì í jẹrà lóòjọ́. Ṣúgà tí ó bá lẹ̀ mọ́ ehín ni ó ń di omi kíkan tí ń jẹ ẹ́. Kí olúkúlùkù máa fọ ehín láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó sì dín ohun dídùn kù fún àwọn ọmọ. Omi bátìrì mọ́tò kì í ṣe oògùn ehín. Jíjó ni yóò jó ẹnu. Bí ehín bá ti ń ní ihò, kí a tètè fi í han oníṣègùn ehín ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tí ibà sì dé, tàbí tí ènìyàn kò lè la ẹnu, tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí èémí ṣòro, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.