Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Wọ́n Gé E Sọnù

  Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Bí a bá gbé mọ́tò tí kò sáré dáadáa mọ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òmíràn a ní, "Ọ̀gá, kátálísítì ló dí. Ẹ jẹ́ ká gé e sọnù. Mọ́tò yín á fúyẹ́, kò ní máa jẹ epo mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni kátálísítì? Ó dà bí agolo irin, ó wà lára páìpù èéfín lábẹ́ mọ́tò. Inú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Irin iyebíye wà nínú rẹ̀: platinum, palladium àti rhodium. Bí ó bá ti gbóná, ó ń sọ èéfín olóró di èyí tí oró rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ ní oró nínú, ṣùgbọ́n bí a bá rin ín, tí a fún un, tí a sì yan án, ó di gàrí. Bẹ́ẹ̀ ni kátálísítì ṣe ń pa oró èéfín.

Ti pé mọ́tò á fúyẹ́ ńkọ́? Kátálísítì kò wúwo tó kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25. Bí èrò kan ṣoṣo bá bọ́ sílẹ̀, ohun tó kúrò lára mọ́tò ti ju kátálísítì lọ.

Lóòótọ́, kátálísítì lè dí. Ṣùgbọ́n nǹkan ló ń dí i: púlọ́ọ̀gì tí kò jó dáadáa, tàbí ẹ́ńjìnì tó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹni tó fi ìwọ̀nyí sílẹ̀, tó ń gé kátálísítì, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ta ni yóò wá fa èéfín náà símú? Ẹ wo Òṣòdì nígbà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: ìyá tó ń ta ọsàn, ọmọ tó ń kiri píọ̀ wọ́tà, kọ̀ńdọ́, àti àwa náà. Oró kan wà nínú èéfín tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń gba ipò afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wẹ́dà kò bá jó páìpù náà pọ̀ dáadáa, ó lè wọlé bá ọmọ wa nínú mọ́tò.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: irin inú rẹ̀ lówó lórí, àwọn tó ń rà á sì wà. Ní ọdún 2020, ìjọba Netherlands yẹ àwọn tòkúńbọ̀ tó ń bọ̀ ní Áfíríkà wò. Wọ́n rí i pé wọ́n ti yọ kátálísítì àwọn kan kí wọ́n tó kúrò lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó ní kí ẹ sọ ọ́ nù lè ti rí ẹni tí yóò tà á fún. Ẹ ó sanwó iṣẹ́ fún un, yóò tún gbé ẹrù yín lọ.

Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí èéfín mọ́tò ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n kí òfin tó mú wa, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ara wa. Ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kọ. Bí mọ́tò bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó bá tú sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kà á, kí ẹ sì bẹ abẹ́ mọ́tò wò.