Ojúbọ Nínú Ilé Ayálégbé

     

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ni ti ìdílé Yorùbá tó ṣí lọ sókè òkun: báwo ni irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣe lè fìdí kalẹ̀ níbẹ̀, kí Ìṣẹ̀ṣe má sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́? Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti baálé mi ti ń tọ́ àwọn ọmọ wa. Ohun tí ojú mi rí ni n óò sọ, n óò sì fi ti àwọn tó ṣáájú wa kún un. Kókó ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Kì í ṣe òkun ni ó ń gba ẹ̀sìn wa lọ́wọ́ wa, kì í sì í ṣe òyìnbó. Ìpamọ́ ni. Ìdílé tó bá gbé ojúbọ rẹ̀ pamọ́ nítorí ojú ìbátan, àwọn ọmọ inú ilé gan-an ni ó gbé e pamọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìdílé bá gúnlẹ̀ sí ìlú òyìnbó, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Onílé yóò béèrè ìwé owó oṣù lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì gba owó oṣù kankan rí níbẹ̀. Wọn yóò wá ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ, wọn yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, wọn yóò ṣí àpò owó ní báńkì. Òtútù yóò dé. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù a ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ọmọ a sì máa bi ìyá rẹ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú ni tàbí òjò ni ó ń bọ̀. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, tọkọtaya a máa sọ fún ara wọn pé, "Bí a bá fìdí kalẹ̀ tán, a óò gbé Orí wa kalẹ̀." Ọdún kan á kọjá, ọdún mẹ́ta á kọjá. Wọn yóò kó kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ọjọ́ tí wọn yóò fìdí kalẹ̀ tán kò ní dé, nítorí pé iṣẹ́ àti owó ilé kì í tán.

Àwọn baba wa kò to ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ibùdó tuntun dó nílẹ̀ wa, Ifá ni ó kọ́kọ́ ń bi léèrè bóyá ilẹ̀ náà yóò gba òun. A fún Èṣù ní tirẹ̀ ní oríta àti lẹ́nu ọ̀nà, a fún Ògún ní tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni a tó sọ pé ìlú ti dúró. Ẹ wo ìtàn àwọn ìlú wa, láti orí àwọn ọmọ Odùduwà tí wọ́n jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀: ìtàn àwọn aṣíkiri ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣẹ̀ṣe mọ ọ̀nà ìrìn àjò. Ó ti bá wa ṣí rí, ó sì ti bá wa tẹ̀ dó rí. Òun gan-an ni a fi ń fìdí kalẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé ibi tí òun wà kò gba òun láyè, kí ó wo àwọn ènìyàn wa ní Kúbà àti ní Bàhíà. N kò fi ìrìn àjò tiwa wé tiwọn. Àwa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi dè wọ́n lọ. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọn kò rí obì ní Kúbà, wọ́n sì fi àgbọn rọ́pò rẹ̀. Títí di òní, obí náà ni wọ́n ń pe àgbọn tí wọ́n fi ń bi òrìṣà léèrè ọ̀rọ̀. Wọn kò ní ilé òrìṣà tí a yà sọ́tọ̀, wọ́n sì gbé òrìṣà wọn sínú àwo ọbẹ̀ tánńganran olómorí, wọ́n tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá. Nílé, Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Ṣàngó ní Ọ̀yọ́; lọ́hùn-ún, abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ gbé.

Orúkọ tí wọ́n fún irú ibẹ̀ wú mi lórí. Ilé ni wọ́n pè é. Ní Salvador ti Bàhíà, Eugênia Anna dos Santos dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní ọdún 1910, ilé náà sì wà títí di òní. Àwọn tí oko ẹrú ti ya kúrò lára ìyá àti baba wọn tún ara wọn dì ní ìdílé: ìyá wà, bàbá wà, ọmọ wà, àbúrò mọ ẹ̀gbọ́n. Àwọn tí a gba ilé lọ́wọ́ wọn fi òrìṣà tún ilé kọ́. Àwa tí a ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́, kí ni ó ń dẹ́rù bà wá?

Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ Kúbà náà di aṣíkiri. Babaláwo kan tí ń jẹ́ Francisco Mora, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Pancho, dé ìlú New York ní ọdún 1946, ó sì ń ṣiṣẹ́ Ifá níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba tó wáyé ní Kúbà ní ọdún 1959, ọ̀pọ̀ ìdílé kó lọ sí Florida. Ní ọdún 1987, àwọn olórìṣà kan tí Ernesto Pichardo jẹ́ olórí fún, ẹni tí a bí ní Kúbà, fẹ́ ṣí ilé ìjọsìn wọn ní gbangba ní ìlú Hialeah. Ìgbìmọ̀ ìlú náà sáré ṣe òfin tí yóò dí ẹbọ rírú lọ́wọ́. Wọn kò sá padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, orúkọ ìjọ wọn sì hàn gbangba lórí ìwé ẹjọ́: Ìjọ Lukumí ti Babalú Ayé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, ọdún 1993, gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé òfin ìlú náà kò dúró. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ ẹ̀sìn wọn pamọ́ ni, ta ni ilé ẹjọ́ ì bá dá láre?

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ilé tiwa. Ilé tí a yá gbé ni, yàrá méjì. Ẹ̀rọ wà lókè àjà tí í han gooro bí ó bá gbóòórùn èéfín, nítorí náà a kì í sun ohunkóhun níbẹ̀. Igun kan ni a yà sọ́tọ̀. Aṣọ funfun, igbá omi, Ikin baálé mi àti Orí wa ni ó wà níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ ni omi wa, obì wa sì ń ti Peckham wá. Ní òwúrọ̀, kí àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, a ó ta omi sílẹ̀, a ó júbà, oníkálukú yóò fọwọ́ kan orí rẹ̀, yóò sì bá a sọ̀rọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Nígbà tí a bí ọmọ wa kejì, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní ọjọ́ 42 láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin tiwa sọ pé ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ kẹjọ náà ni a sì mú. Nígbà tí ó ku ọ̀túnla, ẹ̀gbọ́n wa kan tẹ̀ wá láago. Ó ní àwọn ènìyàn pàtàkì ń bọ̀, ó ní kí a jọ̀ọ́ fi aṣọ bo igun yẹn. Ó tún ní bí orúkọ ọmọ yóò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ifá, kí a kúkú fi Olú sí i nípò, nítorí ọjọ́ iwájú rẹ̀. Baálé mi dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá wá fi aṣọ bo ilé, kí ni kí a wò?"

Ẹ̀gbọ́n kò wá. Àwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ bá a wá kò wá pẹ̀lú. Oúnjẹ pọ̀ ju ènìyàn lọ lọ́jọ́ náà, mo sì sunkún nínú ilé ìdáná, níbi tí àlejò kò ti rí mi. Ìyá òyìnbó arúgbó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa wá pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Ó béèrè ohun tí a ń fi omi ṣe, ó tọ́ oyin wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín nígbà tí atare ta á lẹ́nu. Àwọn òbí wa wò wá láti Ọ̀ṣun lórí fóònù, wọ́n súre, gbogbo wa ṣe àṣẹ. A sọ ọmọ lórúkọ, Ifá sì wà níbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Ọdún méjì ni ó gbà kí ẹ̀gbọ́n wa tó tún tẹ ilẹ̀ ilé wa. N kò ní purọ́ fún yín pé kò dùn wá. Ṣùgbọ́n ọmọ wa àgbà, ọmọ ọdún méje nígbà náà, wà níjòókòó nígbà tí baba rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó gbọ́ pé igun náà kò ní ìbòrí. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá wọlé, òun ni í kọ́kọ́ mú un lọ wo igun náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti lọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà lọ́hùn-ún, ìmọ̀ràn mi rèé.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní tí ẹ bá sùn nínú ilé tuntun, kódà bí ó jẹ́ yàrá kan, kí ẹ ta omi sílẹ̀, kí ẹ sì bá Orí yín sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ óò ra àga.

Ẹ kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àwọn òrìṣà sórí kàlẹ́ńdà tí ẹ gbé kọ́ ògiri. Ọjọ́ mẹ́rin wa kò bá ọjọ́ méje wọn dọ́gba. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ yóò gbé e mì.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún òfin ilẹ̀ tó gbà yín. Wọn kì í jẹ́ kí a kó ẹran tàbí wàrà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà. Òfin wà lórí bí a ṣe ń pa ẹran. Ẹ má ṣe gbé ẹbọ sí ọgbà tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń ṣeré. Omi tútù, obì, oyin, èso àti ìwúre kò lòdì sí òfin kankan. Èyí tó bá ju agbára ilé ayálégbé lọ, ẹ bá àwọn àgbà sọ ọ́ nílé, kí wọ́n bá yín ṣe é níbi tó yẹ.

Bí ìwé ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ti ètò ìkànìyàn bá béèrè ẹ̀sìn yín, tí ẹ bá sì fẹ́ dáhùn, ẹ kọ Ìṣẹ̀ṣe síbẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí ìdọ́gba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo onígbàgbọ́ gbogbo, wọn kò yọ tiwa sílẹ̀. Ọdún 2005 ni UNESCO ti fi Ifá sí ara àwọn ogún ìran ènìyàn. Ohun tí ayé ti mọ̀, kí ni a ń pa mọ́?

Èyí tó ṣe kókó jù, ẹ sọ Yorùbá fún ọmọ yín. Ní Kúbà, èdè náà ṣẹ́kù sínú orin àti ìwúre. Wọn kì í fi í ná ọjà mọ́. Ní Bàhíà, baba kan tó ti jẹ́ ẹrú rí kó ọmọ rẹ̀, Martiniano Eliseu do Bonfim, kọjá òkun wá sí Èkó ní ọdún 1875 kí ó lè kọ́ ẹ̀kọ́. Ọdún 1886 ni ó padà, ìmọ̀ tó kó lọ sì di ọ̀pá ìtìlẹ̀yìn fún àwọn ilé òrìṣà Bàhíà. Òbí tó ti ẹrú bọ́ ṣe èyí nígbà tí ọkọ̀ ojú omi nìkan wà. Fóònù wà lọ́wọ́ tiwa.

Mo ní gbólóhùn kan fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà nílé pẹ̀lú. Ẹ má ṣe ka ọmọ òkè òkun sí àpò owó. Bí ọmọ wa bá pè yín láti béèrè ìtumọ̀ odù kan, ẹ má kọ́kọ́ ṣírò iye tí pọ́n-ùn ń lọ lọ́jà. Ẹ kọ́ ọ. Bí ó bá wá sí Òṣogbo nínú oṣù Kẹjọ, tàbí tí ó bá dé fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní ogúnjọ́ oṣù náà, ẹ má fi ahọ́n rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí a bá fi rẹ́rìn-ín lójúbọ kì í padà síbẹ̀.

Mo gbà á ládùúrà pé kí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa bá tẹ̀ gbà wọ́n. Kí Orí wọn má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jà, níbi iṣẹ́ àti nílé ẹ̀kọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rí ọjọ́ tí a óò fi aṣọ bo ohun tó bí wa. Ilé yín kò ní dàrú, igbá omi yín kò ní gbẹ. Àṣẹ.